Orúkọ Kan Ṣoṣo Lórí Pépà

Ẹ̀yin ènìyàn mi tó ń ka ìwé yìí, mo kí yín tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Olùṣọ́ Ísírẹ́lì tí kì í tòògbé, tó ṣọ́ wa mọ́jú òní. Ìtàn mi kò gùn, àmọ́ ó wúwo. Ẹ bá mi fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ọmọ́bọ́lá ti ṣe iṣẹ́ apòògùn ní Houston fún ọdún mẹ́rìnlá kí ó tó sọ pé tíṣà lòun fẹ́ ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Missouri City, nítòsí Houston, pè é láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ọkọ rẹ̀, Ẹkúndayọ̀, jókòó ti tíì rẹ̀ nínú kíṣìnì, ó ń wò ó bí ẹni tó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Baytown dé League City, ìrìn odidi ọjọ́ kan.

"Mọ́mì Tófúnmi, ẹ̀rù rẹ ń bà mí o. Àbí o ti gbàgbé pé ọ̀run ni èrè tíṣà wà?"

"Ṣebí ibẹ̀ náà ni gbogbo wa ń lọ, Dádì Tófúnmi."

"À ń lọ, àmọ́ kì í ṣe lónìí!" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Sọ òótọ́ fún mi. Kí ló dé gan-an? Wọ́n á bi ọ́ níbẹ̀ náà."

"Mo fẹ́ràn ọmọdé ni."

"Ṣé ìfẹ́ ọmọdé ló ń jẹ́ kó o di ojú pinpin nígbàkigbà tí wọ́n bá ní ká gbọ́wọ́ sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń wò ọ́."

Ọmọ́bọ́lá dìde. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó jáde.

Lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀, àwọn ọwọ́ tí òun nìkan máa ń rí tún dé. Ọwọ́ kékeré méjì tí eruku bò, tí wọ́n nà sókè láàárín iná pupa ọkọ̀ tó wà níwájú.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ní Ìkòròdú, òun ni captain kíláàsì. Bí tíṣà bá jáde, captain ni yóò kọ orúkọ àwọn aláriwo sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, gbogbo kíláàsì ló pariwo, àti captain fúnra rẹ̀. Tíṣà sì ti búra pé bí òun bá bá pépà lófìfo, captain lòun yóò nà. Ọmọ́bọ́lá wò yíká, ó kọ orúkọ kan ṣoṣo: Sẹ̀kínát.

Akólòlò ni Sẹ̀kínát. Kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì rárá, nítorí ẹ̀rín àwọn ọmọ. Tíṣà kò tilẹ̀ wádìí. Ó ní kí ó kúnlẹ̀ sínú oòrùn, kí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè títí agogo ìparí yóò fi lù. Sẹ̀kínát la ẹnu láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Lọ́jọ́ kejì àga rẹ̀ ṣófo. Kò padà wá mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọmọ́bọ́lá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ru ẹ̀pà tó ń kiri tà. Sẹ̀kínát rí i, ó rọra sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọmọ́bọ́lá ló sá lọ.

Kò tún fojú kàn án mọ́. Bóyá ó wà láyé o, bóyá kò sí, Ọlọ́run ló mọ̀. Àmọ́ àwọn ọwọ́ náà tẹ̀lé e kọjá òkun. Wọ́n dúró láàárín àwọn tó ń retí òògùn níwájú gíláàsì. Bí ìjọ bá sì gbọ́wọ́ sókè láti yin Olúwa, ọwọ́ méjì kan a máa wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ìyìn.

Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kẹta ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ náà kọjá ìfaradà. Wọ́n ní kí ó bá wọn mójú tó kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́ lọ gbé júùsì wá fún wọn. Láìronú, ó na pépà àti pẹ́ńsùlù sí Zion, ọmọ ọdún mẹ́jọ. "Kọ orúkọ ẹni tó bá pariwo."

Nígbà tó padà, ariwo ti gba gbogbo ilé. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí pépà: Ìdùnnú, ọmọbìnrin kan tí kò tíì la ẹnu sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń mú un wá. Ọmọ náà ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Zion, ṣé Ìdùnnú ló pariwo?"

"No, Auntie."

"Kí ló dé tó o fi kọ ọ́?"

Zion gbé èjìká, ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé, "Ẹ ní kí n kọ orúkọ. Òun nìkan ni kò ní bá mi jà."

Ọmọ́bọ́lá tún orúkọ náà kà. Ohun tí òun náà sọ lọ́kàn ní Ìkòròdú gan-an nìyẹn, tí kò sì sọ fún ẹ̀dá kankan rí. Ó fa pépà náà ya, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìdùnnú, ó bẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kọ̀wé pé òun fẹ́ ṣe tíṣà.

Nígbà tó dé Missouri City lówùúrọ̀ ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, Misis Francis, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, yọ awò ojú rẹ̀. "Pharmacist ni yín. Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ máa kọ́ ọmọdé?"

"Mo fẹ́ràn..." Ọmọ́bọ́lá gbé ojú sókè. Àwọn ọwọ́ náà ti wà lẹ́yìn àga Misis Francis. Bí òun bá sọ òótọ́, ta ni yóò fi ọmọ lé òun lọ́wọ́? Bí òun bá sì purọ́, pépà mìíràn ni òun tún ń kọ yẹn. Ó gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Misis Francis gbé awò rẹ̀ padà sójú. "Tíṣà rere tó kọ́ wọn ni àwọn tó ń wá síbí máa ń ròyìn fún mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ ṣẹ̀ wá. Kí lẹ máa ṣe fún ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀?"

"N kò tíì mọ̀, mà. Àmọ́ n kò ní ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀."

Wọ́n gbà á. Nígbà tó sọ ìdí rẹ̀ fún Ẹkúndayọ̀ nírọ̀lẹ́, kò bá a ṣàwàdà. Ńṣe ló di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lónìí, ẹnikẹ́ni kì í kọ orúkọ aláriwo ní kíláàsì Ọmọ́bọ́lá. Bí àwọn ọmọ bá lọ tán, òun ló ń jókòó kọ orúkọ àwọn tí kò gbọ́ ohùn wọn lọ́jọ́ náà. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ lọ bá lọ́la. Àwọn ọmọ a máa nawọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè, nígbà mìíràn Ọmọ́bọ́lá a sì rí ọwọ́ méjì tí kì í ṣe ti ọmọ kankan láàárín wọn. Kì í di ojú mọ́.

Lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan ìwé rẹ̀, kí ó tó kọ orúkọ ọmọ kankan, Sẹ̀kínát ló ń kọ́kọ́ kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ibí, ọwọ́ yín kò ní kọ ohun tí ọkàn yín kò ní lè pa rẹ́. Bí ẹ bá sì ti kọ ọ́, kí Aláàánú fún yín ní ọjọ́ àti ibi tí ẹ ó ti tún un ṣe. Ohùn ọmọ yín kò ní sọnù láwùjọ. Àmín.