Orúkọ Tó Wà Nínú Òrùlé Ọkọ̀

“Ẹ rọra o! Ẹ má fi òrùka ha á lára. Ìyàwó mi kejì nìyẹn.”

Díákónì Olútóyè rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara ọkọ̀ náà bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ. Ọkọ̀ aláwọ̀ wáìnì ni, irú èyí tí wọ́n ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí olówó lórí. Ọwọ́ ni wọ́n fi lu irin rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi rán awọ ìjókòó rẹ̀, Díákónì sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá ń gbọ́ pé kò sí irú rẹ̀ mìíràn ní gbogbo Ghana. Àmọ́ eku Accra ò mọ ọkọ̀ àtàtà. Wọ́n ti jẹ òrùlé aṣọ rẹ̀ níbi tó ká jọ sí, òun ló fi gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Kwabena ní Adabraka, níbi tí wọ́n ti ń rán ìjókòó àti òrùlé ọkọ̀. Ó ti ra aṣọ tuntun aláwọ̀ wáìnì wá láti òkè òkun, ìwọ̀nba òrùlé kan péré.

Ọ̀gá Kwabena nawọ́ sí ọmọbìnrin tó wà nídìí máṣíìnì. “Alátà yìí ló máa rán an fún yín. Ọwọ́ rẹ̀ dára paa.”

“Ọmọ Yorùbá ni?” Inú Díákónì dùn, torí Alátà ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá ní Ghana. “Kí lorúkọ rẹ, ọmọ mi?”

“Mojíbọ́lá, sà.”

Ó kúnlẹ̀ kí i, kò sì gbójú sókè. Ìtìjú kọ́ o. Ohùn yẹn ló mú un. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n, ohùn tó wí fún ìyá rẹ̀ níwájú gbogbo ilé pé, “Olè! Tú ẹrù rẹ sílẹ̀!”

Ìdíátù, ìyá rẹ̀, ló ń se oúnjẹ nílé Díákónì nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wá ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà Màdáámù Phoebe, ìyàwó Díákónì, tì. Wọ́n da ẹrù Ìdíátù sílẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n gbọn ìró rẹ̀ wò lójú àwọn tó ń kọjá, wọ́n sì lé e jáde tòun tọmọ. Kò pẹ́ ni Fàrúkù tó ń ṣọ́ géètì wá sọ fún ìyá àti ọmọ pé ẹ̀gbà náà ti jáde, inú báàgì tí Màdáámù ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Ẹnikẹ́ni ò wá tọrọ àforíjì. Títí dòní, bí Ìdíátù bá wọ ilé onílé, ńṣe ló máa ń fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó fọwọ́ kan nǹkan.

Nígbà tí Mojíbọ́lá délé ní Jamestown, ìyá rẹ̀ ń yí ẹja lórí ààrò.

“Màmá, Olútóyè gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ wa.”

“Olútóyè wo?”

“Ẹ mọ Olútóyè tí mo ń wí.”

 Ìdíátù fi etí ìró nu ojú, bóyá èéfín ni, bóyá kì í ṣe èéfín.

“Màmá, mo lè rán an kí gbogbo òjò ọdún yìí máa dà sí i lórí.”

“Kí wọ́n lè sọ pé ọmọ olè ló ṣe iṣẹ́ olè? Rán an dáadáa, Mojí. Má jẹ́ kó rí nǹkan kan sọ sí i.”

Ó sì rán an dáadáa. Ó fi ìda pa òwú, ó rán gbogbo ojú ibi tí aṣọ ti pàdé ní ìlọ́po méjì. Nínú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Kwabena, ẹni tó bá rán òrùlé ló máa ń fi òwú kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, kékeré bí hóró ìrẹsì. Nígbà tó kan Mojíbọ́lá, kò kọ tirẹ̀, kò sì lọ sí kọ̀rọ̀. Iwájú ló lọ, ọ̀gangan ibi tí ojú awakọ̀ máa ń bọ́ sí. Ó fi òwú aláwọ̀ wáìnì sí òde, kí wọ́n má baà rí i, ó fi òwú funfun sí inú, ó sì kọ ÌDÍÁTÙ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga bí ìka ọwọ́. Gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún aṣọ náà já, ó máa ń dùn mọ́ ọn nínú.

Ọjọ́ tí oníǹkan bá wá gbé ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń jókòó sínú rẹ̀, wọ́n á ti òrùlé pa, wọ́n á wá máa da omi lé e. Díákónì wọlé tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. Mojíbọ́lá ló di rọ́bà omi mú.

“Ṣé ó ń jò, sà?”

“Ẹ̀kán kan ò wọlé! O ṣeun, ọmọ mi! Olúwa á...”

 Ìlẹ̀kùn ṣí, Díákónì yọrí jáde.

“Ta ni Ìdíátù?”

“Ìyá mi ni, sà. Òun ló ń se ọbẹ̀ yín nígbà kan. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí ẹ rí nínú báàgì ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbàgbé láti wá sọ fún un.”

Díákónì nawọ́ sí òrùlé. “Tú u kúrò! Tú u báyìí báyìí!”

“Mo lè tú u, sà. Ṣùgbọ́n ihò abẹ́rẹ́ kì í dí nínú aṣọ yìí. Òwú ló dí i. Tí mo bá tú u, orí yín gan-an ni omi á máa kán sí.”

Ọ̀gá Kwabena bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ọkọ̀, ó fọwọ́ gbá orí. “Ei, Alátà! O pa mí!” Ó yíjú sí Díákónì. “Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Àmọ́ òótọ́ ló sọ nípa ihò. Aṣọ yín náà sì ti tán.”

“Kí lo fẹ́ gan-an?” Díákónì bi ọmọbìnrin náà.

“Jamestown ò jìnnà, sà. Ojú èèyàn lẹ ti pè é lólè. Ẹ lọ sọ ọ́ lójú èèyàn pé kì í ṣe olè.”

“Èmi? Èmi Olútóyè, kí n lọ bẹ ẹni tó ń dáná fún mi?”

“Nígbà náà, ẹ máa gbé e káàkiri, sà.”

Ojú ọ̀run Adabraka ti ṣú. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, lórí páànù ṣọ́ọ̀bù. Díákónì padà jókòó sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó gbójú sókè, orúkọ náà sì ń wò ó. Ló bá bọ́ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú òrùlé, ó ká a sẹ́yìn, ó sì wa ọkọ̀ náà bọ́ sínú òjò láìní ìbòrí. Kó tó dé ìkóríta, aṣọ funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára.

“Awọ ìjókòó yẹn!” Ọ̀gá Kwabena ń pariwo. “Ọkùnrin yìí ti ya wèrè!” Ó wo Mojíbọ́lá títí. “Alátà, o ò ní rán òrùlé kankan mọ́ níbí.”

“Mo mọ̀, Ọ̀gá. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́ mi níṣẹ́.”

Ó pa omi, ó ṣa àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀ jọ, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

“Màmá, òjò ń bọ̀ lápá yín. Ẹ kó ẹja wọlé.”

“Mo ti ń kó o. Ọkọ̀ ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ṣé o rán an dáadáa?”

“Mo rán an dáadáa, Màmá,” Mojíbọ́lá wí. “Ibi tí orúkọ yín wà, ẹ̀kán kan ò wọ ibẹ̀.”