Omi Ìsàlẹ̀ Bọ́kẹ́ẹ̀tì Nọ́ńbà Mẹ́rin

Kò sí ìyà tó dà bíi kí àgbàlagbà máa dúró de ìtọ̀ màlúù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí èmi Gàníyù ń ṣe nìyẹn lọ́dún 1989, ní oko ìwádìí kan lójú ọ̀nà Ìgbó-Ọrà sí Ìdèrè. Lébìrà ni mí; ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè ní kí n máa lọ sílé.

Màlúù mẹ́rin ni Dókítà Yéwándé Adéníran fi sáàárín igi, níbi tóóró tí wọn kò ti lè yíjú padà. Ọgbọọgba la ń wọn koríko àti èèpo ẹ̀gẹ́ fún wọn. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé màlúù kì í lo gbogbo ohun amárale tó bá jẹ. Èyí tí kò lò, tí wọ́n ń pè ní náítírójìn, inú ìtọ̀ ló ń bá jáde. Màlúù tí èyí kò bá pọ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ ni kì í fi oúnjẹ ṣòfò. Àmì tó ń wá nìyẹn, kí gbogbo Ìbàràpá lè máa sin irú ẹran bẹ́ẹ̀.

Láràárọ̀, bí mo bá ti kí ìrun Àsùbáà tán, màá fọwọ́ ra abẹ́ ìrù wọn, màá sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sídìí wọn. Ọ̀kan, Èjì àti Ẹ̀ta á tọ̀ wẹ́rẹ́. Nọ́ńbà Mẹ́rin ni oníjàngbọ̀n. Tirẹ̀ a máa dún bí òjò orí páànù, á sì ta sí mi ní ṣòkòtò. Ìtọ̀ lára aṣọ, kò sí ìrun nìyẹn, ṣòkòtò méjì péré ni mo sì ní. Mo wá dọ́gbọ́n: mo ń da ìdajì omi bútà àlùwàlá mi sísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ìtọ̀ náà lè rọlẹ̀. Ó rọlẹ̀ lóòótọ́. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ṣe é, n kò rò pé omi lè ba nǹkan jẹ́. Omi ṣáà mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Dókítà pe èmi àti Japheth, tó ń wọn oúnjẹ ẹran, sí ọ́fíìsì. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Nọ́ńbà Mẹ́rin ni o! Náítírójìn inú ìtọ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì tàwọn yòókù. Àfi bí ẹni pé omi ni!"

Japheth pàtẹ́wọ́. Bútà mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Dókítà ní lọ́jọ́ Túsìdeè, àwọn ọ̀gá òun ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Wọ́n á ta àwọn mẹ́ta yòókù fún alápatà, wọ́n á sì máa pín ọmọ Nọ́ńbà Mẹ́rin fún àwọn àgbẹ̀ láti Ayétẹ̀ dé Ìgàngàn.

Ó wá kọjú sí mi: "Ẹ̀yin náà, Bàbá Hàlímọ̀, ẹ ti kúrò ní lébìrà. Lẹ́tà yín ti wà nílẹ̀. Pàmánẹ́ǹtì!"

Láyé Sáàpù yẹn, tí ìjọba ń ṣọ́wó ná, tí wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni lé ẹyẹ oko, ta ló ń rí pàmánẹ́ǹtì? Kí n tó délé, Japheth ti ròyìn fún Mùínàt ìyàwó mi. Mùínàt ti sọ fún gbogbo agbo ilé, ó sì ti lọ gba Hàlímọ̀ ọmọ wa lọ́wọ́ aránṣọ tó ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní ọmọ náà ń padà sí sẹ́kọ́ńdìrì.

"Bàbá Hàlímọ̀, Ọlọ́run ti gbọ́ ìrun yín!"

Ìrun mi kẹ̀! Bí mo bá jẹ́wọ́, mo da iyẹ̀pẹ̀ sí gàrí ilé mi. Bí mo bá dákẹ́, àwọn àgbẹ̀ bíi tèmi á máa sin màlúù tí kò sàn ju èyíkéyìí lọ, nítorí ṣòkòtò mi. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi sí ara mi. Fún ọjọ́ méjì gbáko, Nọ́ńbà Mẹ́rin ń wò mí láti àárín igi rẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá Dókítà, mo sì jẹ́wọ́ ti bútà, ti ṣòkòtò, ti ìrun. Kò pariwo. Ó rọra jókòó, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

"Mo ti dúró níwájú àwọn ọ̀gá mi, mo ti sọ ọ́. Wọ́n ní obìnrin ò lè ṣe é tẹ́lẹ̀, Bàbá Hàlímọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, Dókítà. Màá bá yín gbà á lákọ̀tun."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ó fa lẹ́tà mi yọ, ó fọwọ́ sí i, ó sì tì í sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì. Kò wojú mi.

"Lọ́la, wọ́n á fẹ́ fojú ara wọn rí bí ẹ ṣe ń gba ìtọ̀ yẹn. Ẹ bu omi sí i bí ẹ ṣe máa ń bù ú. Ẹ má dín in kù."

Ó yẹ kí n fi lẹ́tà náà sílẹ̀. Mo mú un.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ọ̀gá mẹ́ta dé pẹ̀lú ìgò tiwọn. Dúdú ni bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, omi sì ti wà nísàlẹ̀; ta ló fẹ́ tẹjú mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ìtọ̀? Mo fọwọ́ ra abẹ́ ìrù Nọ́ńbà Mẹ́rin, ó tọ̀, wọ́n bù ú. Ọ̀gá àgbà bọ̀ mí lọ́wọ́. Dókítà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, alápatà ti da àwọn màlúù mẹ́ta tí kò purọ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àílà ọ̀sán, mo gbé bútà lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo yẹ ṣòkòtò mi wò níwájú lẹ́yìn. Ìtọ̀ kankan kò kàn án. Mo da omi sí àtẹ́lẹwọ́ mi láti ṣe àlùwàlá, mo sì dúró síbẹ̀, mò ń wo omi náà, títí àwọn èèyàn fi kírun tán tí wọ́n ń jáde.