Báàjì Tó Wà Nínú Àpótí

Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná núkílíà náà ló ń so báàjì kékeré kan mọ́ àyà. Iṣẹ́ báàjì náà ni láti ka iye ìtànṣán olóró tó wọ ara ẹni tó so ó. Bí iye náà bá dé ojú ìlà tí òfin fà, òṣìṣẹ́ náà yóò jókòó sílé títí ọdún yóò fi yí, ẹlòmíràn yóò sì gba ipò rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn wẹ́dà yàrá páìpù ṣe máa ń tú báàjì wọn sínú àpótí aṣọ kí wọ́n tó wọlé. Olórí wọn, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Páìpù, ló kọ́ wọn. Ó ti lo ọdún méjìlélógún lẹ́nu iṣẹ́. Báàjì rẹ̀ kò sún mọ́ ojú ìlà rí.

Ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ pinnu bóyá kí ilé-iṣẹ́ náà tún fi ogún ọdún ṣiṣẹ́, tàbí kí wọ́n kó owó ìlú lé iná oòrùn. Ní oṣù yẹn gan-an ni dókítà sọ fún Ọ̀gá Páìpù pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ló ní ìtọ́jú rẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ náà ni, ẹni tí báàjì rẹ̀ bá sì kọjá ojú ìlà nìkan ni wọ́n ń gbà.

Akọ̀wé ilé ìwòsàn náà yẹ àkọsílẹ̀ báàjì Ọ̀gá Páìpù wò, ó rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ara yín mọ́ ju tèmi lọ, èmi tí mi ò kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ sinmi.”

Ọmọbìnrin Ọ̀gá Páìpù jẹ́ ẹnjiníà iná oòrùn. Òun ni yóò ṣojú iná oòrùn níwájú ìgbìmọ̀.

“Bàbá, ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ báàjì yẹn níbẹ̀,” ni ọmọ náà wí. “Tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín bá jẹ́rìí sí i, dandan ni kí wọ́n tọ́jú yín.”

“Àbí òkú bàbá ẹ lo fẹ́ fi gba iṣẹ́?”

“Ẹ ò tíì kú.”

“Ìwọ náà ò tíì sọ pé rárá.”



Ọ̀gá Páìpù bá àwọn wẹ́dà mẹ́ta tó kù sọ̀rọ̀ ní yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Kúkúrú ló kọ́kọ́ fèsì.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rò pé a lè fi yín sílẹ̀ ni? Lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó jókòó ni màá ti dìde.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìjókòó náà, gbọ̀ngàn kún. Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé pé iná oòrùn kò ní pàǹtírí tí ìran tó ń bọ̀ yóò máa ṣọ́, àti pé bí ó bá bàjẹ́, kò ní lé ìlú kúrò nílé. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà dìde.

“Ẹnjiníà, tí ilẹ̀ bá ṣú ńkọ́? Ṣé ẹ máa bẹ oòrùn kó ṣe ofatáìmù ni?”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

“Bátìrì á ti gbà á pamọ́, sà.”

“Bátìrì! Ti inú fóònù mi kì í rí ọ̀sán.”

Lẹ́yìn náà, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ètò ààbò ilé-iṣẹ́ náà ka àkọsílẹ̀ báàjì. Láti ọdún méjìlélógún, wẹ́dà kankan kò dé ojú ìlà. Ó pa ìwé dé.

Ọ̀gá Páìpù bá dìde. Ó sọ ibi tí báàjì máa ń wà, ó sọ ẹni tó kọ́ wọn, ó sọ ohun tí dókítà rí. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Alága pe àwọn wẹ́dà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun máa ń so tòun. Ẹnì kejì sọ bẹ́ẹ̀. Kúkúrú kò wo ọ̀gá rẹ̀.

“Alága, ara bàbá yìí ni ò yá. Àìsàn yẹn ti ń gun orí wọn.”

Ọ̀gá ètò ààbò yíjú sí Ọ̀gá Páìpù.

“Bàbá, tó bá jẹ́ irọ́ lẹ pa, ẹ bà wá lórúkọ jẹ́. Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ ti rú òfin fún ọdún méjìlélógún. Èwo ni ká kọ sílẹ̀?”

Ènìyàn méje nínú mẹ́sàn-án tó wà nínú ìgbìmọ̀ dìbò pé kí ilé-iṣẹ́ náà máa ṣiṣẹ́ lọ. Kí ọ̀rọ̀ náà lè tán, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n rán báàjì mọ́ aṣọ iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Ilé-iṣẹ́ náà dá Ọ̀gá Páìpù dúró lójú ẹsẹ̀. Ìtọ́jú kò sí fún un mọ́.

Kúkúrú bá Ọ̀gá Páìpù níbi tí ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ọkọ̀ sí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ ṣì wà nílé ìwé.”

“Mo mọ̀.”

“Èmi ni wọ́n fi sí ipò yín. Fáàfù ńlá yẹn, apá wo lẹ máa ń dúró sí?”

Ọ̀gá Páìpù nìkan ló máa ń ṣiṣẹ́ nídìí fáàfù náà, ìyẹn ìdènà tí wọ́n fi ń ṣí omi páìpù tí wọ́n sì fi ń tì í. Apá ọ̀tún ṣeé fara dà. Ìtànṣán tí ẹni tó bá dúró sí apá òsì yóò gbà ní wákàtí kan, oṣù mẹ́ta ni ẹlòmíràn yóò fi gbà á.

“Apá òsì,” ló wí. “Ọ̀tún ló léwu. Má débẹ̀ rárá.”

“Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé gan-an ni.”

Ọmọbìnrin náà dúró títí bàbá rẹ̀ fi ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

“Bàbá, mo ti rí àwòrán yàrá yẹn. Apá òsì ni páìpù tí ìtànṣán rẹ̀ pọ̀ jù gbà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé kí n pè é padà?”

“O fẹ́ kí ìlú rí ohun tí iná yẹn ń fi èèyàn ṣe. Tèmi ò tó wọn. Ti ẹni tí wọ́n rán báàjì mọ́ láyà á tó wọn.”

Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ mú. Kúkúrú ṣì dúró lẹ́yìn wọn, ó ń juwọ́. Ọmọbìnrin náà ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n sì lọ.