Ìṣísẹ̀ Mẹ́tàdínláàádọ́ta sí Ìdí Òṣùwọ̀n

Ní ọsibítù tiwa, ọmọ tuntun kì í yè títí òṣùwọ̀n yóò fi sọ pé ó yè. Mi ò pa á lówe. Ìwé ńlá méjì ló wà lórí tábìlì mi. Èyí tó ní èèpo aláwọ̀ ewé jẹ́ ti ọmọ tó wáyé láàyè, èyí tó ní èèpo aláwọ̀ eérú jẹ́ ti ọmọ tó ti kú kó tó wáyé. Nínú ìwé ewé, ibi tí a ń kọ kílò ọmọ sí ló ṣáájú. Bí kílò kò bá sí, a kì í kọ ìlà náà rárá. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí a ní sì wà nínú yàrá kan ní òdìkejì àgbàlá, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fi skúrù dè é mọ́ tábìlì kí n tó dé ibi iṣẹ́ yìí, kò sì sẹ́ni tó tú u. Ọmọ tó mí, tó sunkún, tó lajú wo ìyá rẹ̀, bí ẹ̀mí bá bọ́ lára rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ìdí òṣùwọ̀n, ìwé eérú ló ń lọ. "Òkú ọmọ." Ó parí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní Atawẹ́wẹ́ nítorí ẹnu mi, èmi tí mo fúnra mi kọ́ ìwé kíkà níbi tí mo ti ń fọ ilẹ̀ yàrá àwọn akọ̀wé, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n ní bí gbogbo ọsibítù ilẹ̀ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, èmi náà sì ń ṣe é.

Àfi ìgbà tó di èṣí, tí ọmọ mi obìnrin bímọ. Ọmọkùnrin ni. Oṣù rẹ̀ kò pé. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi mí. Agbẹ̀bí ní ká má tíì gbé e jáde sínú òtútù àgbàlá, ká jẹ́ kó móoru díẹ̀ ná, mo sì gbá a mọ́ àyà mi títí ó fi dákẹ́. Nígbà tó dákẹ́, mo fọ ọwọ́ mi, mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo sì kọ ọmọ-ọmọ mi sínú ìwé eérú. Ọmọ mi ka ohun tí mo kọ. Kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ ò gbọ́ igbe rẹ̀ ni?"

Mo gbọ́ ọ.

Mo rò pé ìtìjú yẹn kò ní kọjá inú ilé tiwa. Àṣé ó ti wọkọ̀ lọ sókè òkun. Àwọn kan wà lọ́hùn-ún tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa to àwọn orílẹ̀-èdè bí ọmọ iléèwé: ta ló ń tọ́jú aláìsàn dáadáa jù, ta ló ń rẹ̀yìn. Lọ́dún yìí, wọ́n fi iye inú ìwé ewé ṣírò, wọ́n ní tiwa gba ipò kẹsàn-án nínú kí ọmọ tuntun má kú. Ọ̀gá àgbà ọsibítù fi gíláàsì bo ìwé tí wọ́n kọ ipò náà sí, ó fi í kọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kí èmi pàápàá.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni lẹ́tà dé láti ilé iṣẹ́ ìjọba. Ọdún kẹta rèé tí a ti ń bẹ̀ wọ́n fún àpótí tó ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru, àti ẹ̀rọ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́. Èsì wọn kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Orílẹ̀-èdè tó gba ipò kẹsàn-án kò ní ìṣòro ọmọ tuntun. Ibi tí ọmọ bá ti ń kú ni wọn yóò gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Oyún mìíràn ti wà nínú ọmọ mi nígbà náà, oṣù rẹ̀ ti di méje, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń kán lára rẹ̀. Ọsibítù tó ní àpótí, tó sún mọ́ wa jù, ẹyọ kan ni tiwọn, ọmọ mẹ́ta ló sì há sínú rẹ̀. Wọ́n ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu.

Irọ́ tí mo fọwọ́ ara mi kọ ti yí ayé po, ó sì ti padà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ọmọ mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń to ipò náà wá bẹ̀ wá wò. Ọkùnrin gíga kan ni, onísùúrù, kọ̀ǹpútà kékeré lábíyá. Ó ní òun wá kọ́ ọgbọ́n tí a ń dá, kí àwọn ará ilé òun lè máa dá a. Ọ̀gá àgbà ń mú un kiri bí ọkọ ìyàwó. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, mo béèrè ipò kélòó ni ilẹ̀ tirẹ̀ gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìkẹtàdínlógún. Mo ní, ọmọ tó bá mí lẹ́ẹ̀kan tó sì kú ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún? Ó ní bó bá ti mí, ó ti wáyé láàyè nìyẹn. Wọ́n á kọ ìbí rẹ̀, wọ́n á kọ ikú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," mo ní, "ẹ wá bá mi rìn díẹ̀."

Ojú ọ̀gá àgbà le, ṣùgbọ́n àlejò ti tẹ̀ lé mi. Láti ìdí bẹ́ẹ̀dì ìbímọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ sókè bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní òǹkà. A gba ẹnu ọ̀nà, a gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, a gba abẹ́ ìwé onígíláàsì yẹn kọjá, a bọ́ sí àgbàlá, a gun àtẹ̀gùn, a dé ìdí òṣùwọ̀n. Mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo ní ọmọ tó bá kú sójú ọ̀nà yìí, àwa kì í kà á. Mo ní ẹ̀yin sáré yí pápá po, àwa gba inú igbó já sí ìparí, ẹ wá ń bi wá bí ẹsẹ̀ wa ṣe yá tó. Wọ́n ní, amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ rèé.

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi tí n kì í bẹ èèyàn, mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, mo ní kó kọ̀wé sí ìjọba pé ipò náà kì í ṣe òótọ́, kí wọ́n gbé àpótí wá kí ọmọ mi tó bí.

"Màmá, ẹ dìde," ó ní. "Iye tí ìjọba yín bá fọwọ́ sí ni mo lè rò pọ̀. Ẹ kọ àwọn ọmọ náà sínú ìwé tiyín. Bó bá ti ibẹ̀ wá, lọ́dún tó ń bọ̀ tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, ayé á rí i."

Mo ní oyún kì í dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ó fà mí dìde, ó lọ.

Nígbà tó lọ tán, ọ̀gá àgbà pè mí wọlé. Ó ní bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ipò ogójì là ń lọ yẹn, ibo ni kí òun fojú sí? Ó ní àbí mo fẹ́ tú orílẹ̀-èdè síhòòhò ni. Mo ní ẹni tó yá aṣọ òkú ọmọ wọ̀, ìhòòhò ló ti wà tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n jáde.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ní ọ̀sán gangan, agbẹ̀bí ránṣẹ́ pè mí pé ọmọ mi ti ń rọbí. Mi ò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Yàrá òṣùwọ̀n ni mo gbà lọ. Ìdí ṣíbí ni mo fi tú àwọn skúrù náà, èékánná mi ya, mo gbé òṣùwọ̀n rù, mo sì rin ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínláàádọ́ta náà padà. Agbẹ̀bí, tó ti ń gbẹ̀bí láti ìgbà tí èmi ṣì wà lọ́mọge, wò mí láti òkè délẹ̀.

"Atawẹ́wẹ́, kí nìyẹn?"

"Ẹlẹ́rìí ni," mo ní.

Kò bá mi jiyàn. Ó tẹ́ aṣọ tó móoru sórí òṣùwọ̀n.

Obìnrin ni lọ́tẹ̀ yìí. Kò tóbi ju ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ó dún. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n gbọ̀n, ó dúró: ó lé díẹ̀ ní kílò kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ewé lójú ẹsẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Agbẹ̀bí gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, ó mú àpò rọ́bà tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọmọ nímú, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fi wú. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ó tún gbà á. Ọmọ mi kò sunkún. Ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń sọ fún un bí ilé wa ṣe rí, ibi tí oòrùn ń gbà wọlé láàárọ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí rọ́bà nìkan ló ń mí mọ́, agbẹ̀bí gbé e sílẹ̀.

Lórí ìlà kan náà, mo kọ wákàtí tó lọ.

Ọ̀gá àgbà dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní kí n ya ojú ìwé náà. Mo ní kó ya ọwọ́ mi mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ sí ìwé. Agbẹ̀bí fi ìgúnpá tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní òṣùwọ̀n kò ní padà sí yàrá yẹn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń gbẹ̀bí níbí. Bí ọ̀gá bá fẹ́ ẹ, kó wá yọ ọ́ lábẹ́ ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fún mi níwèé pé kí n padà sídìí ilẹ̀ fífọ̀ bí oṣù bá ti parí. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọmọ mẹ́rin ti gba inú ìwé ewé wọlé, wọ́n sì ti gba ibẹ̀ jáde láti ìgbà náà, ìbí wọn àti ikú wọn lórí ìlà kan náà. Àpótí kò tíì dé. Mi ò mọ̀ bóyá yóò dé.

Kí ọmọ mi tó lọ sílé, ó wá sídìí tábìlì mi. Ó fi ìka tọ ìlà ọmọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó padà, ó tún tọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí ìlà tó ṣófo.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́, Màmá?"

Mo ní a kò wọ̀n ọ́n. Mo ní ibi kílò ló ṣáájú, kò sì sí ohun tí mo lè kọ síbẹ̀. Kò gbé ìka rẹ̀ kúrò.

Mo mú bírò. Níbi tí kílò máa ń wà, mo kọ ọ́ pé: Àyà ìyá-ìyá rẹ̀ ni a fi wọ̀n ọ́n. Ó wúwo.