Ọ̀bẹ Tí Imú Rẹ̀ Ká

Ọnàbánjọ ń fi fáìlì gé imú irin náà, ṣùgbọ́n fáìlì kò dún. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò dún síbẹ̀. Omi ti kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì sí èérún igi kan tó léfòó. Ìgbà náà ló mọ̀ pé ojú oorun lòun wà.

Inú àpò irinṣẹ́ tòkunbọ̀ tí Dúrósinmí, ọmọ rẹ̀, rà kó tó kú ni irin náà ti jáde. Ó ní èèkù bí ọ̀bẹ, ojú rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, imú rẹ̀ ká bí ìka tó ń pe ènìyàn. Alágbẹ̀dẹ ní ti àwọn tó ń kọ igi rọ́bà lára ni. Ọnàbánjọ pinnu láti gé imú náà kúrò, kí ó lè rí ọ̀bẹ lásán mú lò.

Àwo ìrókò tí Dúrósinmí ń gbẹ́ fún ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ kò tíì parí. Ẹnu rẹ̀ tóóró, ikùn rẹ̀ fẹ̀. Kò sí irinṣẹ́ tó dé ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀. Ìbídùn, opó Dúrósinmí, ti bímọ. Òun ló gbé àwo náà lé Ọnàbánjọ lẹ́sẹ̀.

“Bàbá, ẹ bá mi parí ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó là o. Ohun tó ṣe fọ́mọ ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ.”

Nínú àlá náà, Dúrósinmí yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa ẹṣin kan. Erùpẹ̀ pupa wà nínú irun orí rẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́.”

“Ibo ni wọ́n gbé ọ sí?” Àwọn ẹbí ló sin ín, bàbá kì í mọ ojú oórì ọmọ.

Dúrósinmí na ọwọ́ gba irin náà. “Ẹ ò tíì mọ orúkọ ẹ̀, ẹ ti ń gé e nímú.”

“Bí mo bá mọ orúkọ ẹ̀, ǹ bá ti pè é.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bu omi sórí òkúta, ó pọ́n irin, ó ń mirí bó ṣe máa ń mirí láràárọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹṣin sáàárín orúnkún. Imú kíká náà wọ abẹ́ pátákò, ó ń fá ìdọ̀tí jáde, kò gún ẹran. Lẹ́yìn náà, ó gbé àwo sáyà, ó ń fa ọ̀bẹ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

“Fífà ni, Bàbá. Ẹ má tì í.”

“Jókòó díẹ̀.”

“Ẹṣin ò lè pẹ́ nínú omi.”

Ọnàbánjọ na ọwọ́ láti gbọn erùpẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Dúrósinmí yẹ orí.

Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tó jí. Ó rántí pé òun ti rí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ rí, lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin ní Ìlọrin, nígbà èwe òun. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó dá fáìlì padà sínú àpò. Ó gbé àwo sáyà, ó fa ọ̀bẹ. Igi ká jáde bí èèpo ọsàn.

Ìbídùn dé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. “Bàbá, ó mà ń wọlé! Ta ló kọ́ yín?”

“Ọkọ rẹ.”

Ìbídùn tún ọ̀já ọmọ so.

Ó yé Ọnàbánjọ pé nítorí àwo ni Dúrósinmí ṣe wá. Kò wá sọ ibi tó wà.

Nígbà tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, inú àwo náà ti dán, àfi ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí Dúrósinmí gbẹ́ ẹ dé. Ọnàbánjọ kò fọwọ́ kàn án. Àpá irin ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.