Bréèkì Tó Ń Ké

Mo ti ń bínú kí n tó dé Ayétòrò, ẹ má jẹ́ n parọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà pa, tí wọ́n tún ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù wá sí ìtòsí ibodè mọ́, owó ọ̀kadà láti Ìmẹ̀kọ dé Ìwòyè, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, ti kọjá agbára mi. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn. Tòkunbọ̀ ni, onítáyà gbàǹgbà tí wọ́n fi ń gun òkè, ó wọlé láti Kútọnù kí ọ̀nà tó dí. Bréèkì rẹ̀ kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó ń fi rọ́bà di ẹ̀gbẹ́ táyà mú. Irin pẹlẹbẹ róbótó kan ló wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, pádì kéékèèké méjì ló ń há a mọ́ra. Pádì ọ̀hún ló jẹ tán.

Tí kì í bá ṣe ti ọjọ́ Ajé ni, ǹ bá máa fi bàtà wọ́lẹ̀ dúró. Àmọ́ àwọn tó ń yẹ òṣìṣẹ́ wò ń bọ̀ níléèwé wa láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ẹni tí wọn ò bá bá níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú ìwé. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ṣiṣẹ́ yìí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lọ́nà Ìwòyè tó já sí afárá onípákó. Ẹni tí kò bá ní bréèkì, kó má dán an wò.

Ní Sátidé, mo fi bébà di pádì tó jẹ tán náà, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ayétòrò. Ọkùnrin tí mo kọ́kọ́ bá, ẹ̀yà ara ọ̀kadà ló ń tà. Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó gbé pádì ọ̀kadà fún mi.

"Àǹtí, pádì ni pádì. Ẹ fi fáìlì rin ín, á wọlé."

Mo gbé méjèèjì síra wọn. Tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àtẹ́lẹwọ́ mi, tèmi ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mo bi í léèrè ta ni yóò jókòó máa fi fáìlì rin ín di ọjọ́ Ajé. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo ti gbé ìbínú wá láti ilé. Òótọ́ ló sọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, wọ́n ní kí n padà wá tí bọ́dà bá ṣí. Ní ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà. Bọ́dà, bọ́dà, àfi bí ẹni pé ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Ìgbà tó yá ni wọ́n júwe Ẹ̀gbọ́n Àṣíáwù fún mi, obìnrin kan tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ lẹ́yìn gáréèjì. Bó ṣe rí ti ọwọ́ mi báyìí, ó ní, "Plakẹ́ẹ̀tì lẹ ń wá," bí àwọn ará Kútọnù ṣe ń pè é. Ó da agolo kan sílẹ̀. Èyí róbótó, èyí létí lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó jọ tèmi tí ihò rẹ̀ sì wà lódì. Ó pẹ́ kó tó rí oríṣi méjì tó bá tèmi mu.

"Eléyìí rọ̀," ó ní. "Kì í pariwo, àmọ́ nínú ẹrẹ̀ àrọ̀kúrò yìí, kò ní pẹ́ jẹ. Èkejì yìí ní irin nínú. Á pẹ́, á sì di kẹ̀kẹ́ mú, ṣùgbọ́n á máa ké. Ẹ jẹ́ kó máa ké. Epo kankan ò gbọdọ̀ kàn án o. Tó bá ti kàn án, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

N kò fẹ́ tún fojú kan Ayétòrò nítorí pádì mọ́. Mo mú èyí tó ní irin.

Lukman, ẹni tó ń bá mi tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe, bá mi fi sí i. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, mo gùn ún yí àgbàlá ká, ó sì ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Mo kó gbogbo ilé jọ bí ọmọ kíláàsì mi: àwọn ọmọ, àbúrò mi, títí kan ayálégbé wa. Mo ní epo ò gbọdọ̀ kan bréèkì yìí. Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Bàbá mi nìkan ni kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé láti ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bi mí pé kí ló ń ké lára kẹ̀kẹ́ mi. Mo ní, "Bréèkì tuntun ni, Bàbá." Mo dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀. Bàbá Ọ̀ṣunníyì tó fi ogójì ọdún tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún gbogbo Ìmẹ̀kọ, ta ni yóò wá dúró níwájú wọn máa kọ́ wọn ní ibi tí epo ń dé? Mo rò pé àrífín ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo ti gbéra. Ọ̀nà tẹ́jú, n kò nílò bréèkì títí mo fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò ké. Mo tún tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára mi, kò ké, kẹ̀kẹ́ sì ń sáré lọ. Nígbà tí mo rí afárá, mo yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó, ó sì gbé mi ṣubú. Orúnkún mi bó. Mo fi ìka kan irin róbótó yẹn, ó ń yọ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀. Gbogbo Ìmẹ̀kọ ń wá epo, orí bréèkì mi lepo wà.

Mo ti kẹ̀kẹ́ dé Ìwòyè láago mẹ́sàn-án kọjá. Ìyáàfin Àrìnpé, ọ̀gá wa, ní òun bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní àwọn ti pa ìwé dé, kí n lọ fi ẹnu ara mi ṣàlàyé ní Abẹ́òkúta.

Bí mo ṣe ń padà lọ sílé ni mo ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Ẹni tó ṣe é, yóò gbọ́ tiẹ̀ lẹ́nu mi lónìí. Mo bá Bàbá níwájú ilé, ìgò epo ẹ́ńjìnnì kékeré àti ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi máa ń kán epo sí ara kẹ̀kẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ó dákẹ́, àbí?" wọ́n ní. "Mo bá ọ fi epo sí irin àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kó o tó jí, bí a ṣe ń ṣe fún ti àtijọ́. Mi ò fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ rẹ máa ké wọ ìlú lọ́jọ́ àyẹ̀wò."

Mo rọra fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Wọ́n rí orúnkún mi. Wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́, wọ́n fọwọ́ kan irin náà, wọ́n fi ìka méjì ra epo tó wà níbẹ̀, wọ́n sì wo pádì pẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní láti ṣàlàyé fún wọn mọ́.

"Gbígbẹ ló yẹ kó wà," wọ́n ní. "Ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Mo sọ fún wọn." Omi ti ń bọ́ lójú mi. "Ẹ̀yin ni n kò lè sọ fún, Bàbá. Mo rò pé àrífín ni."

Wọ́n dé ìgò epo náà. Wọ́n tún wo orúnkún mi.

"Kẹ́misọ́lá," wọ́n ní, "ǹ bá fara mọ́ ọn kó o rí mi fín."