Sáfà Tí Kì Í Sọ Burúkú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Adétutù jẹ́, kó dúró tì í ní kíṣìnì nígbà tó bá ń po tíì. Mílíìkì tó rà láàárọ̀ yẹn, tí wọ́n kọ ọjọ́ tó máa bàjẹ́ sí lára gàdàgbà, á ṣí i, á gbóòórùn ẹ̀, á yí i wo ìdí, á tún gbóòórùn ẹ̀. Fọlárìn ọkọ ẹ̀ ti sọ ọ́ ní Inspẹ́tọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. "Inspẹ́tọ̀, ṣé mo ti lè mu tíì mi báyìí?" Adétutù kì í bínú. Ó ní ìfura ló ń bọ́ òun, òótọ́ sì ni. Iṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nílé wọn ní Lucan lókè òkun ni pé kó máa yẹ ìkànnì oníkànnì wò kó tó jáde sáyé, kó wá gbogbo ibi tó ti ń parọ́.

Ìyá ẹ̀, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Tyrrelstown ń pè ní Màmá Ruth, ń dá gbé ní Balbriggan. Látìgbà tí Bàbá Elisha ọkọ wọn ti kú, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí Adétutù ò bẹ̀ pé kí wọ́n kó wá sí Lucan. Wọ́n ní rárá o, ṣé ilé táwọn rí gbà lẹ́yìn gbogbo ìyà àsáíléèmù, ìyà ẹni tó ń tọrọ ibi ìsádi, làwọn máa wá pa tì torí pé orúnkún ń dun àwọn? Orúnkún yẹn gan-an, ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n mẹ́nu bà á. Tẹ́ ẹ bá bi Màmá Ruth pé báwo ni ara, èsì kan ṣoṣo ló wà: "Dáadáa ni, a dúpẹ́." Tí òtútù bá mú wọn débi pé ohùn ò jáde lọ́fun mọ́, wọ́n á fi ikọ́ sọ ọ́, dáadáa náà ni.

Ìdí nìyẹn tí inú Adétutù fi dùn nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ní kí Gbólúwaga ṣe ìkànnì kan fún àwọn àgbà tó ń dá gbé. Gbólúwaga ló ń mójú tó kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí nǹkan kan kì í le lójú ẹ̀. Tí makirofóònù bá ń han etí gbogbo ìjọ, "Gránd ni, sísítà," bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe ohun tó dáa. Tí iná bá kú láàárín ìwàásù, "Gránd ni." Adétutù ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹ̀, àmọ́ ohun tó ṣe yìí dáa, kò sì ṣòroó lò. Láràárọ̀, àgbà kọ̀ọ̀kan á tẹ bọ́tìnì kan lórí fóònù ẹ̀ pé òun ti jí. Ọmọ wọn, níbi yòówù tó bá wà, á ṣí ìkànnì náà, á rí orúkọ ìyá tàbí bàbá ẹ̀ ní àwọ̀ ewé, wọ́n á kọ ọ́ síwájú ẹ̀ pé: *Wọ́n ti jí. Àlàáfíà ni.* Nígbà tó yá, Adétutù tó máa ń pe ìyá ẹ̀ láràárọ̀ wá ń pè wọ́n nígbà tó bá ráyè. Kí lèèyàn tún ń pè fún, nígbà tí àwọ̀ ewé wà níbẹ̀?

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, Màmá bá wọn jẹun ní Lucan lẹ́yìn ìsìn, Fọlárìn sì gbé wọn padà sílé nírọ̀lẹ́. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, Adétutù jókòó sídìí iṣẹ́, ó ṣí ìkànnì. Màmá Ruth, àwọ̀ ewé. Wọ́n ti jí. Àlàáfíà ni. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ó gbé tíì ẹ̀ mu, ó dojú kọ iṣẹ́. Àfi bí nǹkan kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìyìn nínú àga pálọ̀.

Fọlárìn, tí kò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ki ọwọ́ sáàárín tìmùtìmù, ó fa fóònù kan jáde. "Ó mà ṣe o! Màmá gbàgbé fóònù wọn. Alámù ló ń dún, tí wọ́n fi ń rántí oògùn."

Adétutù wo fóònù. Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó tún wo fóònù.

"Fọlárìn, ta ló wá tẹ bọ́tìnì?"

"Bọ́tìnì wo?"

"Bọ́tìnì àárọ̀! Inú fóònù yìí nìkan ló wà. Fóònù sì ti wà nínú àga wa látàná. Ta ló bá ìyá mi tẹ̀ ẹ́?"

"Bóyá wọ́n fi fóònù ẹlòmíì tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ Inspẹ́tọ̀ nìyẹn. Fóònù ẹlòmíì? Ẹlòmíì wo ló wà nílé ìyá òun láàárọ̀ kùtùkùtù? Ó dìde, ó tún jókòó. Bàbá Jeremiah! Bàbá Jeremiah tí ìyàwó wọn ti kú tipẹ́, tí wọ́n máa ń bá Màmá gbé báàgì dé ìdí mọ́tò lẹ́yìn ìsìn, tí wọ́n gbé ẹja tútù wá fún wọn nígbà ọdún Àjíǹde, ẹja odindi!

"Adétutù, ìyá ẹ ti lé láàádọ́rin ọdún o," Fọlárìn wí.

"Ta ló ní ẹni àádọ́rin kì í gba àlejò?"

Ó ti ń pe nọ́ńbà. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jíire sà."

"A jíire, ọmọ mi. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí sà. Mo ní kí n bèèrè ni, ṣé ẹ rí Màmá mi láàárọ̀ yìí?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí wọn? Ṣebí ìdájí ṣì ni lójú tèmi, mi ò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ẹ ò bá wọn tẹ bọ́tìnì ìkànnì ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Bọ́tìnì!" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mi ò tíì tẹ tèmi! Fóònù mi kó sínú omi ìfọbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì kékeré yìí ni mò ń lò, kò mọ ìkànnì, ìpè nìkan ló mọ̀."

Adétutù kí wọn pé ó dàbọ̀. Ó wo ìsàlẹ̀ orúkọ ìyá ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bàbá Jeremiah, àwọ̀ ewé. *Wọ́n ti jí. Àlàáfíà ni.*

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó ṣe tẹ̀ lé e, torí iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìkànnì, kọ̀ǹpútà kan wà níbì kan tó ń dá yín lóhùn, sáfà ni wọ́n ń pè é. Kí sáfà tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, nọ́ńbà ló kọ́kọ́ máa ń fi ránṣẹ́, ojú lásán kì í sábà rí i. Tó bá sọ pé 200, ohun tó ń wí ni pé mo gbọ́, mo rí i, òun nìyí. Tó bá jẹ́ 404, mo wá a títí, kò sí irú ẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Tó bá jẹ́ 500, ó jẹ́wọ́ nìyẹn pé èmi gan-an ni mo bàjẹ́, ẹ má gbára lé mi. Sáfà tó bá ní ìwà, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á sọ èyí tó dáa, á sọ èyí tí ò dáa. Adétutù ṣí ibi tí nọ́ńbà ti ń hàn. Ó bèèrè Màmá Ruth: 200. Ó bèèrè Bàbá Jeremiah: 200. Ó ronú díẹ̀, ó wá tẹ orúkọ tí kò sí ìyá tó lè sọ ọmọ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ láéláé: Àgbáǹréré. 404 ló yẹ kí sáfà dá a lóhùn.

200. *Wọ́n ti jí. Àlàáfíà ni.*

Fọlárìn bú sẹ́rìn-ín. "Kú àárọ̀ o, Bàbá Àgbáǹréré!"

Adétutù ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ orúkọ tó kẹ́yìn. Bàbá Elisha. Bàbá tirẹ̀, tí wọ́n ti sin, tí òun fúnra ẹ̀ bu iyẹ̀pẹ̀ lé lórí.

200. Àwọ̀ ewé. *Wọ́n ti jí. Àlàáfíà ni.*

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Fọlárìn. Nígbà tí Adétutù fi máa gbójú sókè, ó ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́.

Balbriggan kì í ṣe ibi téèyàn ń sáré dé láti Lucan. Bí wọ́n ṣe bọ́ sórí M1, ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sọ́hùn-ún, Adétutù pe Gbólúwaga, ó sì jẹ́ kí Fọlárìn máa gbọ́. Nọ́ńbà aládùúgbò Màmá kankan ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, inú fóònù Màmá ni gbogbo wọn wà, fóònù náà sì wà ní títì.

"Gbólúwaga, kí lo ṣe sí sáfà yẹn?"

"Ẹ káàárọ̀, sísítà. Gbogbo ẹ̀ gránd ni ní tibí."

"Má sọ gránd fún mi! Mo bèèrè bàbá mi tó ti kú, sáfà rẹ ní wọ́n ti jí!"

Ohùn ọkùnrin náà lọ sílẹ̀. "Sísítà, kì í ṣe bí mo ṣe kọ́kọ́ ṣe é nìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀, tẹ́nì kan ò bá tíì tẹ bọ́tìnì, á gbé e jáde pé 404, a ò rí lágbájá, ní lẹ́tà pupa. Àwọn àgbà ń ṣí i wò, wọ́n wá ń rí orúkọ ara wọn. Bàbá Jeremiah pè mí, wọ́n ń pariwo pé ta ló ní wọn ò rí àwọn, ṣé mo fẹ́ kí àwọn kú ni? Màmá kan rí 500, wọ́n gbààwẹ̀ lé e lórí. Ìyàwó pásítọ̀ wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí n yọ gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú kúrò níwájú orúkọ àwọn àgbà, pé ta ló ń fi ẹnu ara ẹ̀ sọ irú ẹ̀ sí ìyá ẹni. Mo bá ní kí sáfà máa fi 200 dáhùn."

"Fún kí ni?"

"Fún ohunkóhun tí wọ́n bá bèèrè, ma."

"Yéè! Gbólúwaga! Àwa ọmọ tá à ń wò ó láràárọ̀ ńkọ́? A ò já mọ́ nǹkan kan?"

"Sísítà, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ ṣì ń pè wọ́n ni."

Adétutù pa fóònù. Inú ń bí i débi pé ojú ẹ̀ ń ṣú, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí Gbólúwaga fi parí ẹ̀ yẹn ló wọ̀ ọ́ lára jù. Ìgbà wo ló pe ìyá ẹ̀ kẹ́yìn láàárọ̀? Òun tó ń gbóòórùn mílíìkì! Òun tó fura sí Bàbá Jeremiah lórí ẹja! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run, ó sì ń bẹ Fọlárìn pé kó sáré, ó ń da ẹ̀bẹ̀ méjèèjì pọ̀.

Kọ́tìnì ilé Màmá ṣì wà ní fífà bò. Adétutù ti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn síhìn-ín, ó tì í sọ́hùn-ún kó tó wọ ihò ẹ̀.

"Màmá! Màmá mi o!"

Ilé pa rọ́rọ́. Ohùn tínńrín kan wá jáde láti kíṣìnì. "Tutù? Ṣé ìwọ nìyẹn? Ẹ káàbọ̀ o."

Ilẹ̀ ni wọ́n wà. Àga onígi kan ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ilẹ̀kùn prẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí ṣí sílẹ̀ lókè, gàrí fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Wọ́n ti gun àga láti mú gàrí. Ẹsẹ̀ wọn kan dojú kọ ibi tí kò yẹ kí ẹsẹ̀ dojú kọ. Wọ́n ti fa aṣọ ìnuwọ́ kan bọ́ sílẹ̀, wọ́n fi bo èjìká.

Adétutù ṣubú lulẹ̀ sínú gàrí. "Màmá! Ṣé ẹ wà dáadáa?"

Ojú Màmá Ruth ti jìn sínú, ètè wọn ti gbẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ wọn.

"Dáadáa ni, ọmọ mi. A dúpẹ́. Ṣé ọ̀nà dáa?"

Ó ṣe Adétutù bíi kó ké. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Mo ti gbọ́ àlàáfíà láàárọ̀ yìí, ó ti tó mi. Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi."

"Kí n wá máa fẹnu ara mi sọ burúkú?"

"Ẹ sọ ọ́, Màmá. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Ẹnu Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bíi ti ọmọdé tó fẹ́ sunkún. "Kò dáa, Tutù. Kò dáa rárá. Itan mi ń pa mí lọ. Mo wá fóònù títí, mi ò rí i. Mo ní bóyá o máa pè, tó ò bá gbọ́ ohùn mi, wàá wá. Ẹ̀rù bà mí gan-an."

Adétutù gbé orí wọn lé itan ara ẹ̀, ó di ọwọ́ wọn mú, ó sì ń sunkún láìbò ó mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un láti àárọ̀, èyí nìkan ni kò yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbà á gbọ́ bó ṣe jáde.

Fọlárìn dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ti pe áńbúláǹsì, ó fọwọ́ bo fóònù. "Wọ́n ń bèèrè pé báwo ni ara wọn?"

Màmá Ruth gbẹ́nu sókè láti dáhùn. Adétutù rọra fi ọwọ́ nu gàrí kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn.

"Sọ fún wọn pé kò dáa," ló wí. "Kí wọ́n máa bọ̀ kíá."